Ṣé Ẹ̀hìn Yín Dára?

Ẹran ara kì í purọ́. Ohun tí Ṣẹ̀hìndèmí máa ń sọ fún ẹni tó bá yọjú sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Á ní ẹnu èèyàn lè sọ èyí tó wù ú, ojú lè rẹ́rìn-ín nígbà tí ọkàn ń sunkún, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà ti já ẹran tí kò tó orí ìṣó lára ẹni náà wá fún òun, òun á gbọ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ fi pamọ́.

Yàrá náà wà ní ìkángun ilé ìwòsàn kan ní Kétu, lábẹ́ igi máńgòrò méjì, níbi tí erùpẹ̀ pupa kì í ti í jẹ́ kí fèrèsé funfun ó funfun. Ọdún kọkànlá rẹ̀ níbẹ̀ rèé. Bí àwọn dókítà bá fi okùn olójú wo inú ikùn aláìsàn, tí wọ́n sì já ẹran bín-ín-tín níbẹ̀, òun ni wọ́n ń gbé ìgò rẹ̀ fún. Òun ni yóò rì í sínú ìda yíyọ́ títí ìda yóò fi wọ̀ ọ́ lára, òun ni yóò fi ọ̀bẹ ẹ̀rọ rẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, kó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èémí èèyàn lè gbé e lọ. Èyí tó bá rẹ́ á léfòó lójú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á tẹ́ bí awọ tó máa ń bo ojú ẹ̀kọ tó ń tutù, á sì fi gíláàsì kékeré gbà á sókè jẹ́ẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni á rẹ ẹ́ ní aró, pupa àti àlùkò. Ó wá kù kí dókítà gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kó sì ka ohun tó wà níbẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà.

Dókítà tó ń ka lẹ́tà yìí lọ́dún náà ni Rodolphe. Kútọnu ló ti wá, Fọ̀n ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Yorùbá tó gbọ́ ò sì ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ó sì máa ń kí èèyàn ní "ẹ káàárọ̀" títí di ìrọ̀lẹ́. Èdè Faransé ni òun àti Ṣẹ̀hìndèmí fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan ló gbé e wá.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Kútọnu tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀hìn fún ni ìwádìí náà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín egungun kan sí èkejì nínú ọ̀pá ẹ̀hìn wa, tìmùtìmù kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí egungun ha egungun. Bí ọjọ́ bá ti ń lọ, tí ẹrù sì ti pọ̀ jù lórí ẹni, tìmùtìmù náà á gbẹ, á sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n já díẹ̀ lára tìmùtìmù àwọn èèyàn wọ̀nyí wá fún Ṣẹ̀hìndèmí, ó rẹ́ ẹ, dókítà wò ó, ó ti gbẹ bí wọ́n ṣe retí. Ohun tó rú dókítà lójú ni pé àwọn kan náà yìí ló tún ń kérora inú rírun. Nígbà tí wọ́n wá já ẹran inú wọn wò, ó ti bàjẹ́, bákan náà ló sì ṣe bàjẹ́ lára gbogbo wọn. Awọ inú ikùn ní àwọn ihò tóóró lójú, tí wọ́n máa ń gún régé bí ihò tí àgbẹ̀ fi ọ̀pá lu láti gbin àgbàdo. Tiwọn ti lọ́, wọ́n ń yí kiri bí ìtàkùn ẹ̀wà lára igi. Bó bá jẹ́ kòkòrò ló fà á, àwọn ọmọ-ogun ẹ̀jẹ̀ á ti dà bo ibẹ̀ bí ikán. Kò sí ọmọ-ogun kankan níbẹ̀. Hóró oògùn ìrora tí wọ́n ń gbé mì nítorí ẹ̀hìn ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀hìn ló ṣẹ̀, inú ló ń jìyà.

Ó wá kù kí Rodolphe mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára àwọn àgbẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta èèyàn láti Idigny àti àwọn abúlé tó yí i ká ni wọ́n ti wá sí ilé ìwòsàn nítorí inú. Ẹran inú tiwọn náà lọ́, kò sí ìyàtọ̀ kankan sí ti àwọn ará Kútọnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìwé ìbéèrè lọ bá wọn nílé, èyí tí wọ́n ń pè ní fíìsì, àwọn méjì ò sí nílé, mọ́kàndínlọ́gọ́ta tó kù ló dáhùn pé ẹ̀hìn àwọn dára, àwọn ò sì lo oògùn kankan.

Rodolphe tẹ́ fíìsì náà sórí tábìlì lọ́jọ́ Ajé kan, ó ní kí Ṣẹ̀hìndèmí jókòó. Ó bi í pé èèyàn tí ẹ̀hìn rẹ̀ dára, tí kò fi oògùn kan ẹnu, kí ló lọ́ ọ nínú? Ó wá sọ pé kò sí ilé iṣẹ́ tí ìgò ò ti lè ṣì gba ibi ìgò lọ, pé ó dà bí ẹni pé ẹran inú àwọn ará Kútọnu ni wọ́n fi nọ́ńbà àwọn ará Idigny sí. Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìtumọ̀ ò bá yọjú, òun á da iṣẹ́ àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta náà nù, òun á sì máa kó èyí tó kù lọ sí ibòmíràn kí wọ́n bá òun rẹ́ ẹ. Kò gbóhùn sókè. Bó bá tilẹ̀ pariwo, ì bá sàn fún Ṣẹ̀hìndèmí.

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi tú yàrá náà wò. Ó gbé kàyé rẹ̀, ìwé tó ń kọ nọ́ńbà ìgò sí, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn gíláàsì, ó ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, ọjọ́ wé ọjọ́. Kò sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣì. Èyí tó tilẹ̀ wá fi í lọ́kàn balẹ̀ lápá kan, tó sì dà á láàmú lápá kejì, ni nọ́ńbà kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Akíndé ni, bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá láti Idigny nígbà tó rí i pé ṣòkòtò rẹ̀ ti ń já bọ́ nídìí, òun ló di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí okùn olójú ń wọ̀ ọ́ lọ́fun, òun ló gbé ìgò náà láti ọwọ́ dókítà dé orí tábìlì ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé ìgò yẹn ṣìnà. Inú bàbá òun lọ́ lóòótọ́. Lápá kan, awọ náà tilẹ̀ ti ya, ojú egbò kékeré kan wà níbẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ń bẹ nítòsí rẹ̀, tó sún mọ́ ọn jù. Ohunkóhun tí bàbá ń gbé mì, bó bá ń bá a lọ, iṣan yẹn á já lọ́jọ́ kan lórí oko, kò sì sẹ́ni tí yóò tètè mọ̀. Síbẹ̀ fíìsì tirẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹ̀hìn: dára. Oògùn: kò lò. Kí ni wọ́n á ní kó má gbé mì mọ́?

Ó wá fura sí Honoré.

Honoré ni òṣìṣẹ́ tó ń gbé fíìsì kiri. Ó ti lé lógójì ọdún, ó sanra, ó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ Àjàṣẹ́ ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fún ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀nà àbùjá. Ṣẹ̀hìndèmí rò ó pé abẹ́ igi ni ọkùnrin yìí ń jókòó sí, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn fún àwọn èèyàn. Ó sọ fún un pé òun á tẹ̀ lé e lọ sí Okpomèta lọ́jọ́bọ̀, níbi tí àwọn aláìsàn tuntun wà. Honoré ní kò burú, ṣùgbọ́n kí Màdáàmù mọ̀ pé alùpùpù òun ti mọ́ ìwọ̀n ara òun lórí, bó bá gba èèyàn kejì, ó lè bínú.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òórùn ilẹ̀ Kétu lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí, bó rìn dé ìpẹ̀kun ayé, imú rẹ̀ ò ní gbàgbé. Àwọn èèyàn ti wà lóko níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n dà bí ẹni kúnlẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ wọn ò kúnlẹ̀, wọ́n kàn tẹ̀ ni.

Ilé bàbá kan tó ń jẹ́ Séidou ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ògiri, òun àti ìyàwó rẹ̀, Aïcha, ń yín àgbàdo. Wọ́n kíra wọn, kíkí náà pẹ́ bó ṣe yẹ kó pẹ́. Ṣẹ̀hìndèmí fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo Honoré bí ológbò ṣe ń wo ihò eku. Ọkùnrin náà tẹ́ ìwé sórí itan, ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Bàbá, ṣé ẹ̀hìn yín dára?"

Séidou gbé àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó fi wọ́n pa ojú.

"Àmín," ni ó wí. "Àmín láṣẹ Ọlọ́run. Tìẹ náà á dára. Àwọn ọmọ tó o bí ni yóò sin ọ́."

"Àmín, Bàbá," ni Honoré dáhùn. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: dára.

Ó wá bi í bóyá ó máa ń lo oògùn. Ojú bàbá yí padà. Aïcha dá ọwọ́ dúró nínú igbá.

"Oògùn bíi kí ni?" ni Aïcha bèèrè. "Ta ló rán yín wá sílé wa?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," Séidou ní. "Ọ̀gbẹ́ni, Mùsùlùmí ni wá níbí. Kéwú ni bàbá mi kọ́ mi, kò kọ́ mi lóògùn. Ẹni tó bá ṣe é, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ni."

Honoré tọrọ àforíjì, ó kọ ọ́ sílẹ̀: kò lò. Ó pa ìwé dé.

Bàbá ní òun á sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ kan tẹ ilẹ̀, ó fi ọwọ́ kan tẹ orúnkún, ìdí rẹ̀ gbéra díẹ̀, ó tún padà jókòó. Ó fi ọwọ́ lé ògiri. Nígbà kẹta ni ó tó dúró, ìbàdí rẹ̀ kò sì nà tán. Kò ké. Aïcha tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú hóró kan jáde níbẹ̀, tí ìdajì rẹ̀ pupa tí ìdajì rẹ̀ dúdú, ó fi í lé e lọ́wọ́, bàbá sì jù ú sẹ́nu láìsí omi, bí ẹni ń ju ẹ̀pà.

"Ìyá, kí nìyẹn?" Ṣẹ̀hìndèmí bèèrè.

"Dìde-ká-lọ ni."

"Ṣé oògùn kọ́?"

"Oògùn kẹ̀?" Aïcha wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé. "Hóró ni."

Wọ́n padà síbi tí alùpùpù wà. Honoré ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní òun ti rí i pé Màdáàmù ń fura sí òun láti àárọ̀, òun kàn ń wò ó níran ni. Ṣùgbọ́n kí ó má gbàgbé pé òun ò kọ ìbéèrè kankan. Ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ lẹ́yìn alùpùpù òun.

Òótọ́ ni. Ṣẹ̀hìndèmí ló yí ìwé náà sí Yorùbá láti inú Faransé, lórí tábìlì rẹ̀, lẹ́bàá ìda àti aró. Ìwé Faransé bèèrè bóyá ẹ̀hìn ń dun èèyàn. Bó ṣe fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó rò ó pé àwọn àgbàlagbà ni wọ́n máa kà á fún, wọn á sì ní ta ni ọmọ tó jí láàárọ̀ tó ń bi àwọn bóyá nǹkan ń dun àwọn, àfi bí ẹni ń ṣépè. Ó wá yọ ìrora kúrò níbẹ̀, ó fi ire sí i. Ṣé ẹ̀hìn yín dára. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu nígbà náà. Kò rántí pé ẹ̀hìn tó wà létí àgbàlagbà kọ́ ni ẹ̀hìn tó wà lábẹ́ awò. Ẹ̀hìn àgbàlagbà ni ọmọ rẹ̀, ni ẹni tí yóò wà níbi òkú rẹ̀, ni ilé tí wọn ò ní tì pa. A kì í bi èèyàn bóyá ìyẹn dára. Àdúrà ni a ń fi í ṣe, ẹni tí a ṣe é fún á sì ní àmín. Àmín mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni Rodolphe tẹ́ sórí tábìlì tó ń pè ní ìdáhùn.

Lójú ọ̀nà, Honoré fún un nímọ̀ràn kan tàbí méjì. Ó ní kò sóhun tó le níbẹ̀, àwọn á wá ibòji igi kan jókòó sí, àwọn á kọ fíìsì tuntun, àwọn á fi "kò dára" sí gbogbo rẹ̀, ojú àwọn méjèèjì ṣáà ti rí i. Tàbí kí ó ti ẹ̀bi ìgò sórí ọkọ̀ tó ń kó o, ọkọ̀ ò lẹ́nu. Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó rí i pé ọkàn obìnrin náà bàjẹ́ ni. Ṣẹ̀hìndèmí ní kí ó wo ọ̀nà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ló wọlé tọ Rodolphe, ó sì jẹ́wọ́ pé kì í ṣe ìgò ló ṣìnà, ọ̀rọ̀ òun ni. Ìgbà mẹ́ta ló ṣàlàyé rẹ̀ kó tó yé dókítà bí èèyàn ṣe lè dáhùn ìbéèrè pẹ̀lú àmín. Nígbà tó yé e, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àlàyé náà dára, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí kì í gba àlàyé. Kí ó mú ẹnì kan wá fún òun, ẹnì kan péré nínú àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta, tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ẹ̀hìn rẹ̀ ṣe rí àti ohun tó ń gbé mì, tí yóò sì gbà kí wọ́n kọ ọ́. Bí ó bá rí ọ̀kan títí di ọjọ́ Ajé, àwọn á tún gbogbo rẹ̀ bèèrè. Bí kò bá rí, bí òun ṣe sọ náà ni.

Ṣẹ̀hìndèmí ò ní láti ronú ẹni tí yóò jẹ́. Ohun tó ń rò ni bí yóò ṣe bèèrè. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, òun àti bàbá yìí ni. Bí ó bá bi í ní gbangba, á ní àmín. Bí ó bá bi í ní kọ̀rọ̀, á ní kò sóhun tó ń ṣe òun. Ó ti gbọ́ "kò sóhun tó ń ṣe mí" lẹ́nu rẹ̀ títí etí rẹ̀ fi di.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó gun zẹ́mì lọ sí Idigny, ó ní kí ọlọ́kadà náà dúró de òun níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti parí. Ó gba ọ̀nà tóóró inú igbó wọlé. Kó tó dé oko ló ti ń gbọ́ ìró ọkọ́. Kò pe bàbá. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹmi kan, ó ń wò ó.

Akíndé ń kọ ebè iṣu. Ó ti lé láàádọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Ọkọ́ ń lọ, ọkọ́ ń bọ̀, ilẹ̀ pupa ń gun orí ara rẹ̀. Ṣẹ̀hìndèmí bẹ̀rẹ̀ sí í kà láìmọ̀ pé òun ń kà. Ọ̀kan. Èjì. Lórí ẹ̀kẹta ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lókè. Lórí ẹ̀kẹfà, ó dá dúró, ó fi ọkọ́ ṣe ọ̀pá, ó gòkè lára rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun àkàbà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó dijú. Lẹ́yìn náà ló ti ọwọ́ bọ àpò, ó ju nǹkan sẹ́nu.

Ó jáde sí i nígbà náà, ó kúnlẹ̀ kí i. Bàbá bi í pé ṣé kò sí láburú, tó fi wá lójijì báyìí. Ó ní kò sí, òun kàn ní kí òun wá wò ó. Ó gbé omi fún un. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi náà, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ Fàtáì aládùúgbò oko tó ń kó àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀gẹ́ olóko. Ó pẹ́ kó tó bèèrè, bó sì ṣe bèèrè rẹ̀ nìyí.

"Bàbá, nígbà tí ẹ máa ń gbé mi wá sóko yìí, tí mo wà ní kékeré, ebè mélòó lẹ máa ń kọ kí ẹ tó nà?"

Ojú bàbá là. "Ogójì," ni ó wí. "Ogójì, tí mi ò ní gbórí sókè. Bàbá Fàtáì a máa bú mi. Á ní ṣé mo fẹ́ kọ ilẹ̀ ọ̀la mọ́ tòní ni."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

Akíndé wo ebè tó kọ. Ó tún wo ìdí igi tí ọmọ rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde.

"O ti kà á," ni ó wí.

"Mo kà á, Bàbá."

"Mélòó lo kà?"

"Mẹ́fà."

"Mẹ́fà náà ni. Lánàá, márùn-ún ni."

Kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ṣẹ̀hìndèmí tún gbé omi fún un. Nígbà tó ṣe, ó sọ fún un nípa fíìsì, ó ní òun ni kò kọ ìbéèrè náà dáadáa, tí kò fi yé àwọn àgbàlagbà. Bàbá mirí.

"Ó yé mi," ni ó wí. "Ṣé o rò pé mi ò mọ ohun tí ọkùnrin sísanra yẹn ń bi mí ni? Ẹ̀hìn tí mo fi ń tẹ̀ ló ń bi. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́fà la jókòó níbẹ̀. Kí n dìde láàárín ọkùnrin márùn-ún, kí n ní ẹ̀hìn mi ò dára? Èmi tí mo bí ọmọ kan ṣoṣo, tí mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ní Ṣẹ̀hìndèmí? Bí mo bá ní ẹ̀hìn mi ò dára, ta ni mo bú? Ìwọ ni mo bú."

Ó ti gbé orúkọ yẹn fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó ti kọ ọ́ sára ìgò tí kò níye, kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó fi ẹ̀hìn ọwọ́ nù ún. Bàbá ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó ń fi igi ha amọ̀ kúrò lára ọkọ́.

Ó wá sọ ohun tó rí lábẹ́ awò fún un, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oko: bí awọ inú ṣe yẹ kó rí, bí tirẹ̀ ṣe rí, ibi tó ti ya, iṣan tó wà nítòsí. Ó ní hóró yẹn ló ń ṣe é. Ó rò pé bàbá á jiyàn. Kò jiyàn. Ó ní ó ti tó oṣù méjì tí ìgbẹ́ òun ti dúdú bí ọ̀dà. Òun ní ẹ̀fọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn òun ò jẹ ẹ̀fọ́ mọ́, ó sì ń dúdú síbẹ̀.

Ṣẹ̀hìndèmí mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n dìde, zẹ́mì ń dúró, òní ni wọ́n á lọ, kì í ṣe ọjọ́ Ajé. Bàbá gbọ́wọ́ sókè, ó ní òun á lọ, òun ò sọ pé òun ò ní lọ. Kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ òun, nítorí òun rí ìwé nínú àpò rẹ̀. Ó sọ fún un. Bí ó bá gbà kí wọ́n kọ ọ́, wọ́n á tún àwọn yòókù bèèrè. Bí kò bá gbà, dókítà á da gbogbo wọn nù, wọ́n á sì máa gbé hóró yẹn mì lọ. Kò dárúkọ iṣẹ́ ara rẹ̀. Bàbá sì lè ti mọ̀.

"Kọ ọ́," Akíndé ní. "Ṣùgbọ́n má kọ pé ẹ̀hìn mi ò dára. Kọ pé ebè mẹ́fà."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lórí orúnkún, lábẹ́ igi ẹmi: ebè mẹ́fà, lẹ́yìn náà Dìde-ká-lọ kan. Ìwé yẹn ni Rodolphe wò pẹ́ títí lọ́jọ́ Ajé, tó ní kí ó tún túmọ̀ rẹ̀ fún òun, tó sì ní kí wọ́n tẹ fíìsì tuntun. Ebè mélòó lẹ ń kọ kí ẹ tó nà, ìgbà mélòó lẹ ń gbé hóró mì kí oko tó tán. Àwọn obìnrin tí kì í kọ ebè, wọ́n bi wọ́n ní iye ìgbà tí wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ọjà. Kò sí ẹni tó ní àmín. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń jà sí ìdáhùn ara wọn, pé irọ́ ni, kì í ṣe mẹ́wàá, mẹ́jọ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Akíndé kò tíì dìde. Ó ń wo ilẹ̀ tó kù tí kò tíì kọ, tó lọ jìnnà dé ìdí òkìtì ọ̀gán.

"O ní kí n má gbé e mì mọ́," ni ó wí.

"Ẹ má gbé e mì mọ́, Bàbá."

"Ó dáa. Kí lo máa fún mi dípò rẹ̀?"

Gbogbo ohun tó mọ̀ wá sí i lọ́kàn. Wọ́n á fún un ní ohun tí yóò jẹ́ kí egbò inú jinná. Wọ́n á fún un ní èyí tó rọ̀ fún ìrora, tí kò lágbára tó Dìde-ká-lọ. Tìmùtìmù tó ti gbẹ láàárín egungun, ó ti rẹ́ irú rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún, ó mọ̀ pé kò sí aró tàbí oògùn tí yóò tún mú un rọ̀. Ó lè purọ́ fún un. Bàbá á sì gbà á, torí pé òun ló sọ ọ́.

"Inú yín á san," ni ó wí. "Ẹ̀hìn ò ní padà sí ogójì. Kò sí ohun tí mo lè fi dípò rẹ̀, Bàbá."

Akíndé mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún tó sì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó gbé ọkọ́ dání. Ó dìde, ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di apá òun mú, èyí tí kò gbà rí. Ó rìn wọ àárín oko lọ, ó sì dúró níbi tó tó ìdajì.

Ó ní láti ibí lọ sí ìdí ọ̀gán, kí igbó gbà á. Òun ò ní kọ ọ́ lọ́dún yìí, òun ò ní kọ ọ́ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọkọ́ fa ilà gba ojú ilẹ̀ kọjá, láti etí oko kan dé èkejì, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè rí ibi tó pin sí. Ṣẹ̀hìndèmí ń wò ó, ó ń fọkàn bá a rìn. Nígbà tó fà á tán, bàbá nà, ó fi ọkọ́ ti ara rẹ̀, ó wo ilà náà síwá sẹ́yìn. Ó wo ọ̀gán. Ó wá fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa ilà àkọ́kọ́ rẹ́, ó ṣí ẹsẹ̀ mẹ́ta síwájú, sí apá ọ̀gán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa òmíràn.

Ọmọ rẹ̀ rí i. Ó dúró dè é.